Ẹni Tí Mo Lè Sọ Ọ́ Fún

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìn-ín-ní

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ilé. Mo ní ìrètí pé orúnkún yín ti fúyẹ́, àti pé ẹ kò tún gun orí àga mọ́ láti fi aṣọ fèrèsé kọ́. Ara tèmi le, bí ó bá jẹ́ ti ara nìkan ni a ń sọ.

Ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ìdí kìn-ín-ní ni pé etí yín kò gbọ́ràn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó gbé ohùn fóònù náà sókè títí gbogbo àgbàlá yóò fi mọ ohun tí mo jẹ lánàá. Ìdí kejì ni pé ohùn mi yóò tú àṣírí mi. Lórí ìwé, ènìyàn lè dá ọ̀rọ̀ dúró, kí ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ó tó jẹ́ kí ó lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá ń kọ́ ilé gíga tàbí afárá, wọn a bu díẹ̀ nínú kọnkéré tí wọ́n ń dà, wọn a fi mọ bulọ́ọ̀kù kékeré onígun mẹ́rin, wọn a sì kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, èmi a gbé wọn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a tẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi fọ́, èmi a sì kọ agbára tí ó fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí mo bá kọ ni àwọn ẹnjiníà gbẹ́kẹ̀ lé kí wọ́n tó gbé àjà kejì lé ti ìsàlẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Nínú oṣù tí ó kọjá, àṣìṣe kan wà nínú ìwé tí mo kọ. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà yìí. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ rí olùtọ́jú ọkàn, ìyẹn àwọn tí ń fi ìjókòó àti ọ̀rọ̀ wo ènìyàn sàn. Ó fún mi ní ìwé tí orúkọ mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Yan èyí tó bá ọ mu.” Ìparí oṣù karùn-ún ni gbèdéke. Bí ẹnì kankan nínú wọn kò bá tíì kọ̀wé nígbà náà láti fi hàn pé mo ń gba ìtọ́jú, iṣẹ́ mi ti parí níbí nìyẹn.

Ìyá mi, báwo ni a ṣe ń yan irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Bí ó bá jẹ́ bàtà ni, ǹ bá wọ̀ ọ́ wò, kí n rìn síwá rìn sẹ́yìn nínú ilé ìtajà.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí gbogbo wọn ń béèrè. Ìbéèrè kẹtàlá inú rẹ̀ nìyí: “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ ti ní àárẹ̀ ọpọlọ tàbí ti ọkàn rí?” Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ní ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, Bàbá kò jáde nínú yàrá ẹ̀yìn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èmi ni ẹ máa ń rán sẹ́nu ọ̀nà láti sọ fún àwọn àlejò pé ó rìnrìn-àjò. N kò béèrè nǹkan kan nígbà náà. Nísinsìnyí, mo ń béèrè: kí ni ó ṣe Bàbá?

Ẹ forí jì mí.

Ọmọ yín,
Jẹ́jẹ́

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní

Jẹ́jẹ́, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo tún yọ ọ́, mo gbé e sínú àpótí, mo ti àpótí. Ó di ọ̀sán, mo tún yọ ọ́. Ìwé tó ń rìn kiri inú yàrá báyìí, ṣé ìwé ni àbí ológbò?

Ogójì ọdún ni mo fi ṣe agbẹ̀bí. Àṣírí àwọn ènìyàn tó wà nínú mi, bí mo bá la ẹnu báyìí, ilé á tú, ọ̀nà á tú. N ò là á. Ìwọ tí mo bí wá fẹ́ mú tiwa, o fẹ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù fún ẹni tí o ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ibà ló ṣe bàbá rẹ. Ibà líle. Kò sí irú nǹkan tí wọ́n ń béèrè yẹn nínú ìdílé wa, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ bàbá rẹ, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ tèmi. Kọ “Rárá” síbẹ̀, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Àti pé irú àṣìṣe wo ló ń jẹ́ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta? Ìwọ tí a sọ ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé o máa ń wo ilẹ̀ kí o tó gbé ẹsẹ̀! Ó rẹ̀ ọ́ ni. Sùn. Mu omi. Pa fóònù rẹ.

Bí ó bá wá di dandan kí o jókòó síwájú ẹnì kan, wá àgbà, wá ẹni tó ń sọ èdè wa. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Ẹni tó bá mọ ibi tí o ti ṣẹ̀ wá kò ní kọ ìkọkúkọ nípa rẹ.

Fi òróró orúnkún ránṣẹ́, èyí tó ní ìdérí pupa. Aláwọ̀ ewé tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, òórùn rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Òróró onídérí pupa wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé yìí. Mo kọ “Rárá” gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Gàdàgbà ni mo kọ ọ́.

Mo yan àgbà kan. Òun nìkan ni ó ń sọ èdè wa nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Yàrá rẹ̀ wà lókè ilé tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Àga tìmùtìmù méjì ni ó wà níbẹ̀, wọ́n dojú kọ ara wọn, tábìlì kékeré kan sì wà láàárín tí wọ́n gbé páálí tíṣù lé. Bí mo ti wọlé ni mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó. Ara ni ó ṣe é.

“Dìde, dìde, ọmọ mi,” ni ó wí, inú rẹ̀ sì dùn dé etí. “Ọmọ ta ni ọ́ nílé?”

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé agbẹ̀bí ni ìyá mi, pé ogójì ọdún ni ó fi ṣe é.

“Ogójì ọdún! Háà, ọmọ ilé ire ni ọ́.”

Kí ni ọmọ ilé ire tún lè wí lẹ́yìn ìyẹn? Ó béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ. Mo ní, “A dúpẹ́, sà.” Iṣẹ́ ńkọ́? “Ó ń lọ, sà.” Oorun ńkọ́? “Ó ń wá dáadáa, sà.” Wákàtí kan gbáko, Ìyá mi, ọpẹ́ ni a ń dá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ń dun òun. Mo fi bí ó ṣe yẹ kí ó máa jókòó hàn án. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá a gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, ó sì gbàdúrà gígùn fún mi. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ sí: “Mo ṣe dáadáa lónìí.” Mo wo ohun tí mo kọ náà títí. Ṣé ìdánwò ni mo lọ ṣe ni?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbìyànjú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ọ̀rẹ́ kan.”

“Kí ló ṣe é?”

“Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Bulọ́ọ̀kù méjìdínlógún ló wà nílẹ̀. Kò fọ́ ẹyọ kan. Ó kàn ń kọ iye tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n jẹ́.”

“Ó parọ́ sínú ìwé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó mi orí. “Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ ilé ire bíi tìrẹ, jìnnà sí i.”

“Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣeun, sà.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ti mọ̀ báyìí. Èmi ni ọ̀rẹ́ náà. Ohun tí mo pè ní àṣìṣe nínú ìwé mi àkọ́kọ́ kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Àjà kẹta ilé ìwòsàn kan ni àwọn bulọ́ọ̀kù náà dúró fún. Ọ̀gá mi rí i pé kò sí eruku nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí wọ́n tún wọn fọ́. Wọ́n lágbára tó. Orí ni ó yọ mí. Bí wọn kò bá lágbára ńkọ́? Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń jí láàárọ̀ bí kọnkéré tí a dà sínú pákó, tí ó sì ti le síbẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí fóònù, ẹ̀ ń béèrè àlàáfíà mi, mo ń dúpẹ́.

N kò padà sọ́dọ̀ àgbà náà. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ọmọ ilẹ̀ ibí. Bàtà tí wọ́n fi ń sáré ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó pe orúkọ mi ṣákálá, kò fi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó gbé mi wá. Mo ní ara mi le, mo dúpẹ́. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ó gbé omi kaná, tí ó ń dúró kí ó hó. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Mi ò rò pé o ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nílé yín nìyẹn?” Mo dìde, mo já ẹ̀wù òtútù mi gbà lára ìkọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde, mo sì pa á dé gbà-à. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú yàrá rẹ̀ ni mo bọ́ sí. Mo dúró níbẹ̀, ẹ̀wù lọ́wọ́. Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo fa omi, kí ó lè dà bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo wá gba iwájú rẹ̀ kọjá, n kò wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ó kù. Mo ti wo orúkọ méje tí ó ṣẹ́kù, n kò lè pe ìkankan nínú wọn. Mo bẹ̀ yín, Ìyá mi, ẹ má kọ “ibà” sí mi mọ́.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín. Ìwé mi ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, n kò rí èsì. Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sọ̀rọ̀ òjò, ẹ sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí ó wọ inú yàrá yín. Nígbà tí mo béèrè ìwé, ẹ ní, “Ìwé? Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,” ẹ sì sọ pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn.

Bí ó bá jẹ́ pé mo ti dójú tì yín, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ pé, “O dójú tì mí.” Mo lè gbé ìyẹn. Ohun tí n kò lè gbé ni ewúrẹ́ náà.

Ọ̀gá mi fi ìwé pélébé kan sórí tábìlì mi lánàá: “Ta ni o yàn?” Mo jù ú sínú dùrọ́ọ̀ tábìlì.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ. N ò ṣàìsàn. Ìwé méjèèjì dé ọwọ́ mi. Ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ sí ọ, mo fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Bí mo bá fa èyí náà ya, n ò ní kọ òmíràn mọ́, nítorí náà mò ń kọ ọ́ kíákíá.

Kì í ṣe ibà. Kò sí ọjọ́ kan tí ara bàbá rẹ gbóná.

O mọ̀ pé rédíò ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó kọjú sí ògiri. Ó ní, “Mo ti tán.” Mo rò pé àwàdà ni. Oṣù kan, oṣù méjì, kò fárùngbọ̀n, bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti jẹun. Mo ń jáde láti lọ gba ọmọ ọlọ́mọ, mo ń rẹ́rìn-ín fún gbogbo ayé, mo sì ń fi ìwọ sẹ́nu ọ̀nà láti parọ́. Èmi ló kọ́ ọ. Bí o ṣe jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn tí ò ń kọ ohun tó yẹ kó jẹ́ dípò ohun tó jẹ́, mo mọ ilé ẹ̀kọ́ tí o ti kọ́ ọ.

Ní oṣù kẹta, nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá tó ń tọ́jú irú rẹ̀. Mo wẹ bàbá rẹ, mo wọ aṣọ fún un, mo fá irùngbọ̀n rẹ̀. A wọkọ̀. Ó tẹ̀ lé mi bí ọmọdé. A dé yàrá tí wọ́n ti ń dúró, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ènìyàn mẹ́ta péré ló kù níwájú wa. Ni obìnrin kan bá wọlé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Èmi ni mo gba ìbejì rẹ̀. Ó ní, “Màmá agbẹ̀bí! Ta lẹ mú wá síbí?” Mo ní, “Ó tì o, mo kàn ní kí n wá kí ènìyàn ni.” Mo di ọwọ́ bàbá rẹ mú, mo fà á dìde, a jáde, a padà sílé.

Nínú ọkọ̀, ó yíjú sí mi. Ó ní, “Ṣé wọ́n ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i ni?”

N ò dá a lóhùn, Jẹ́jẹ́. Mo wo ojú fèrèsé.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ó dá jáde fúnra rẹ̀, ó tún páálí irinṣẹ́ tú. Ó tún gbé ọdún mọ́kànlá láyé. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá yẹn, ó gbà pé dókítà ti wo òun, ó sì ti sọ pé òun kò lè sàn. N ò sọ fún un rí pé a kò rí dókítà kankan. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin kan ká mi lára ju ọkọ mi lọ.

Ohun tó ń ti ìwọ lójú rèé, ohun tó ń ti èmi lójú rèé. Gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà.

Wàyí o, o béèrè bí wọ́n ṣe ń yan ènìyàn. N ò mọ iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú ọkàn, ṣùgbọ́n mo mọ ìrọbí. Nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógún, aboyún kan wọlé tó lè bí mi lọ́mọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ṣé ìkókó yìí ló máa gba ìkókó mi?” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ó bá lọ sọ́dọ̀ àgbà agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Níbẹ̀, kò lè ké, kò lè tiraka. Ó ń fẹ́ kí àgbà yẹn lọ ròyìn fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé akọni ni òun. Ọmọ há. Ìdájí ni wọ́n sáré wá pè mí. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ìwọ tí n ò mọ̀ rí, wá.” Ó ké sí mi létí, ó bú mi, ó bú ọkọ rẹ̀, ó bímọ. Kò sí ohun tó ń fẹ́ kí n rò nípa òun. Ìdí tó fi lè ṣe é nìyẹn.

Àgbà tí mo ní kí o wá, ẹ̀bi mi ni. Ẹni tí o fẹ́ kí ó yìn ọ́ kò lè gba ẹrù yìí lórí rẹ. Ọmọ oníbàtà eré yẹn, padà lọ bá a, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá tún bá ọ mu, méje ló kù, mú òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ, ọmọ mi. Má ṣe bíi tèmi ní orí bẹ́ǹṣì.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ìwé yín dé ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí ó kọjá, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Orí ìdúró ni mo ti kà á, lẹ́nu ọ̀nà, àpótí ìwé ṣì wà ní ṣíṣí. Mo fẹ́ kọ pé n kò bínú sí yín. Irọ́ ni. Mo bínú fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo rántí àwọn bulọ́ọ̀kù mi, ìbínú náà kò rí ibi jókòó sí mọ́.

Mo pe ọ̀dọ́bìnrin náà. Ó fún mi ní àyè lọ́jọ́ kejì. Kí n tó jókòó, mo ní, “Mo wá bẹ̀ yín fún ohun tí mo sọ.”

“Mo gbọ́ nígbà tí o fa omi,” ni ó wí. “Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ti ṣi èmi náà lọ́nà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé síbí.”

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí àánú. Mo jókòó. Mo ní ìbéèrè kan fún un: bí mo bá sọ ohun tí kò dára, ṣé yóò bú mi ni tàbí yóò tù mí nínú?

“Èwo lo fẹ́?”

“N kò fẹ́ ìkankan.”

“Ó dáa. Mi ò ní ṣe ìkankan.”

Mo bá sọ ọ́, bulọ́ọ̀kù méjìdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ti ẹnu ọ̀nà. Mo sọ ti Bàbá, nítorí pé ẹ ti fún mi ní òótọ́ rẹ̀. Mo sì gba fọ́ọ̀mù náà, mo fagi lé ohun tí mo kọ. Èdè wọn ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé àìlóye èdè dáadáa yóò dí mi lọ́wọ́. Rárá o. Ní èdè tiwa, kò sí ọ̀rọ̀ ìtìjú kan tí n kò gbọ́ láti ẹnu ẹnì kan tí mo mọ̀: tiyín, ti tíṣà mi, ti àwọn àlejò. Ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ náà kàn jẹ́ ọ̀rọ̀. Mo lè gbé e.

Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe kí oṣù tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ pé mo ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó kọ̀. Ó ní, “Mi ò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ò ń wá, àti pé ò ń gba ìtọ́jú.” Ìyẹn nìkan ni ó kọ, ìlà méjì. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ ìyókù fún ọ̀gá mi. Ó tẹ́tí sí mi dópin, kò sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ mi kò bọ́, ṣùgbọ́n gbígba bulọ́ọ̀kù wọlé ni wọ́n fi mí sí báyìí. Mò ń fọ̀ wọ́n, mò ń lẹ ọjọ́ mọ́ wọn lára. Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ni ó ń fọwọ́ sí ìwé. Ó máa ń pè mí ní “ọ̀gá” síbẹ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì pè mí bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ara mi ṣì máa ń le bí òkúta. Mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àgbà náà pè mí. “Ọmọ ilé ire, o ṣọ̀wọ́n!” Mo ní iṣẹ́ ni ó dí mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tún gbé e, mo pè é padà, mo sọ fún un pé èmi ni ọ̀rẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó wá ní, “Èmi ni mo lé ọ lọ, àbí?” Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà, mo dúpẹ́. Ó ní, “O ti tún ń dúpẹ́.” A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ ẹnì kankan nínú wa.

Ó ku ohun kan, Ìyá mi. Mo ka ìwé yín ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọdún méjìdínlógójì ni ẹ fi gbé ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yẹn, mo sì rí i pé èmi ni ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ó yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún. Ọmọ yín ni mí. Ẹ fẹ́ kí n rò yín sí rere. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ ọ́ sí mi pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè gbà á lórí ènìyàn. Ǹjẹ́ kò sí ẹnì kan nítòsí yín?

Ẹ má dáhùn bí kò bá wù yín.

Ọmọ yín,
Jẹ́jẹ́

*

Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Jẹ́jẹ́,

O kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. O ti dàgbà o. O gba ẹgba tí mo fà lé ọ lọ́wọ́, o fi na èmi fúnra mi.

Mo bínú sí ìwé rẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, mo lọ béèrè. Olùtọ́jú ọkàn méjì ló wà ní ilé ìwòsàn. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Mo yọjú wo inú yàrá rẹ̀, ó bá fò dìde, “Màmá, Màmá!” Èmi ni mo gbà á! Ìdí ló fi wáyé. Ìdí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa jókòó síwájú ìyẹn, kí n máa sọ ohun tí mo ṣe? Mo kí i, mo súre fún un, mo jáde.

Èkejì jẹ́ obìnrin, Ọjọ́rú nìkan ló ń wá. Ará ibòmíràn ni. Wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ bá mi kọ orúkọ mi sọ́dọ̀ ìyẹn.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo dé géètì, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo padà. Irọ́ ni, orúnkún kò dùn mí. Ọjọ́rú kejì, mo wọlé. Yàrá kún. Mo ń wá ibi tí mo máa jókòó sí, ni obìnrin kan bá pariwo láti ìdí fèrèsé: “Màmá agbẹ̀bí! Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ wá kí ènìyàn ni?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Jẹ́jẹ́, ẹnu mi ti là, “bẹ́ẹ̀ ni” ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, “Rárá o. Èmi gan-an ni mo wá gba ìtọ́jú.”

Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. N ò mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ sí. Obìnrin náà wò mí. Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sún, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀.

“Ẹ jókòó síbí, mà,” ló wí. “Èmi ni mo ṣáájú yín.”

Ìyá rẹ